Cam Ward kì í ṣe ọjà òkùtà: ẹ lọ bi ilé tí wọ́n gbé e lọ

1/
Láti ìgbà tí sáà 2025 ti parí ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn lórí Cam Ward. Wọ́n ní yunifásítì nìkan ló mọ̀ ọ́n gbá. Wọ́n ní kò lè dúró láàárín àwọn àgbà. Wọ́n ní ọjà òkùtà ni. Ọmọ ọdún 23, sáà kan péré! Mi ò gbà, màá sì sọ ìdí tí mi ò fi gbà. Ó máa gùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan tí ẹ máa jẹ sẹ́nu.

2/
Ẹ̀yin tí ẹ kì í wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ẹ má sá. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù ni mo ń sọ, kì í ṣe ti Osimhen. Quarterback ni ẹni tí bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ikọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ gbá síwájú. Òun ló ń pinnu: ṣé kó jù ú, ṣé kó gbé e fún ẹni tó máa sáré, ṣé kó sá fúnra rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ló ní láti fi ronú, kí àwọn géńdé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ tó já lù ú.

3/
Ó ku draft. Lóṣù kẹrin ọdọọdún, ikọ̀ 32 tó wà nínú NFL máa ń tò láti mú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì. Ikọ̀ tó ṣe burúkú jù lọ ní sáà tó kọjá ni wọ́n ń fún ní àyè àkọ́kọ́.

Ẹ tún un kà. Ilé tó dàrú jù ló ń kọ́kọ́ mú ọmọ tó mọ́wọ́ jù. Gbogbo àríyànjiyàn wa, inú gbólóhùn yẹn ló wà.

4/
Ta wá ni Ward? Ọmọ West Columbia ní Texas ni. Nígbà tó parí girama, àwọn yunifásítì ńlá ò tiẹ̀ wo apá ibi tó wà. Sísáré ni ikọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbójú lé, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju bọ́ọ̀lù, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí. Incarnate Word, yunifásítì kékeré kan ní San Antonio, ló gbà á. Ó tàn níbẹ̀, ó lọ sí Washington State. Ó tàn níbẹ̀, ó lọ sí Miami. Ní 2024, touchdown 39 ló jù fún Miami. Ní oṣù kẹrin 2025, Tennessee Titans mú un ṣáájú gbogbo ọmọ tó wà nínú draft.

5/
Nítorí náà, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa wo ọmọ, kí wọ́n sọ bó ṣe máa rí lọ́la, ti ṣi Ward wò nígbà kan rí. Owó oṣù ni wọ́n ń gbà fún un o. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fídíò ìṣẹ́jú kan dájọ́, ẹ rọra.

6/
Ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń jù lu èèyàn ni pé Titans borí 3, wọ́n pàdánù 14 ní 2025. Òótọ́ ni. Mélòó ni wọ́n borí ní 2024, kí Ward tó dé? 3. Mélòó ni wọ́n pàdánù? 14. Ṣebí ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n rí i mú! Ilé ti ń jò kí àlejò tó wọlé, ẹ wá ní àlejò ló da omi sílẹ̀.

7/
Ẹ wo inú ilé náà. Oṣù kejìlá 2022, wọ́n lé ọ̀gá tó ń ra agbábọ́ọ̀lù fún wọn. Oṣù kìíní 2024, wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, Mike Vrabel. Oṣù kìíní 2025, wọ́n lé ọ̀gá tó ń ra agbábọ́ọ̀lù kejì. Wọ́n mú Ward. Lẹ́yìn eré mẹ́ta, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mú un, Brian Callahan, gbé iṣẹ́ pípe eré fún ẹlòmíì. Lẹ́yìn eré mẹ́fà, wọ́n lé Callahan náà. Draft ò tíì pé oṣù mẹ́fà!

8/
Ẹ máa ní kí ló kan Ward nínú ìyẹn, ṣebí bọ́ọ̀lù ni kó gbá. Ó kàn án gan-an. Nínú eré yìí, akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tirẹ̀. Orúkọ eré kan ṣoṣo lè gùn bí oríkì. Wọ́n á pè é sí quarterback létí láti inú akoto rẹ̀. Tó bá ku ìṣẹ́jú-àáyá 15 lórí aago, wọ́n á gé ohùn náà. Òun á sọ ọ́ fún àwọn mẹ́wàá yòókù, á wo bí àwọn ọ̀tá ṣe tò, á yí i padà tó bá rí ewu.

9/
Tí ẹ bá lé ẹni tó ni èdè yẹn, ọmọ náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D. Á máa ronú níbi tó yẹ kó ti máa jù. Ní NFL, ẹni tó bá ṣì ń ronú nígbà tó yẹ kó ti jù, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀.

10/
Ẹ bi Alex Smith. San Francisco 49ers mú un ní àkọ́kọ́ nínú draft 2005. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọdọọdún ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹni tó ń pe eré fún un. Wọ́n pè é ní gbogbo orúkọ tí ẹ ń pe Ward báyìí. Jim Harbaugh dé ní 2011, ilé rọ̀. Ọdún yẹn gan-an, 49ers borí 13, wọ́n pàdánù 3. Ọwọ́ kan náà, èèyàn kan náà.

11/
Ó tún kù. Smith yìí kan náà ló wà ní Kansas City Chiefs nígbà tí wọ́n mú ọmọ kan láti Texas Tech ní 2017, ní ipò kẹwàá. Wọn ò sọ ọmọ náà sójú agbami. Wọ́n ní kó jókòó sẹ́yìn Smith, kó máa wo bí àgbà ṣe ń ṣe é. Eré kan péré ló bẹ̀rẹ̀ ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní sáà kejì, touchdown 50, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ MVP.

Patrick Mahomes ni. Ó ti gba Super Bowl mẹ́ta.

12/
Mahomes lẹ́bùn, kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Ìbéèrè mi ni pé: tó bá jẹ́ inú ilé tó ń pààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ ni wọ́n gbé e lọ, tí wọ́n sọ pé ọjọ́ kìíní ni kó bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ dá a lójú pé a máa mọ orúkọ rẹ̀ lónìí? Èmi ò dá a lójú. Andy Reid ló bá nílé. Ìyẹn nìkan, ìbùkún ni.

13/
Ọ̀rọ̀ kejì: àwọn tó ń dáàbò bò ó. Àwọn géńdé márùn-ún kan máa ń dúró níwájú quarterback bí odi ìlú. Tí odi bá wó, kò sí bí ọba ṣe lè mọ ìjọba ṣe tó. (Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń wá ẹni tiyín, ẹ wo New York Jets: Olu Fashanu, tí wọ́n mú ní ipò 11 ní 2024, odi ni iṣẹ́ tirẹ̀.)

14/
Houston Texans mú David Carr ní àkọ́kọ́ ní 2002. Ikọ̀ tuntun ni wọ́n, wọn ò ní odi kankan. Ìgbà 76 ni àwọn ọ̀tá gbé e lulẹ̀ ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. 76! Kò tíì sí quarterback mìíràn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún nínú sáà kan. Ọkùnrin náà ò padà bọ̀ sípò. Tí wọ́n bá ti ń lù ọ́ báyẹn, wàá máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń bọ̀ dípò kí o máa wo ẹni tó yẹ kí o ju bọ́ọ̀lù fún.

15/
Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Caleb Williams, Chicago Bears, ẹni àkọ́kọ́ nínú draft 2024. Sáà àkọ́kọ́: ìgbà 68 ni wọ́n gbé e lulẹ̀. Bears borí 5, wọ́n pàdánù 12. Wọ́n lé ẹni tó ń pe eré, wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, sáà ò tíì parí. Ẹ rántí ohun tí ẹ kọ nípa rẹ̀ nígbà yẹn? Èmi rántí.

16/
Kí ni Bears ṣe? Wọn ò pààrọ̀ ọmọ náà, ilé ni wọ́n tún ṣe. Wọ́n gba Ben Johnson láti Detroit kó wá máa kọ́ ọ. Wọ́n pààrọ̀ mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún tó ń dáàbò bò ó. Ní 2025, iye ìgbà tí wọ́n gbé e lulẹ̀ ò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Bears borí 11, wọ́n gba ìpín wọn, wọ́n sì na Green Bay Packers nínú eré playoff. Ọmọ tí ẹ ti sin, òun ló dìde yẹn.

17/
Mo mọ ẹni tó ń bọ̀ wá sọ pé, "C.J. Stroud ńkọ́? Ilé burúkú lòun náà bọ́ sí, ó sì yege lọ́dún kìíní." Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó yẹ kí n dá a lóhùn. Texans borí 3 péré ní 2022. Stroud dé ní 2023, ó ju yáàdì 4,108, bọ́ọ̀lù 5 péré ló bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, wọ́n borí 10.

18/
Ṣùgbọ́n kò dá dé. DeMeco Ryans, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, dé pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tó ń pe eré náà sì jẹ́ tuntun. Ilé ti ń yí padà kó tó gbé ẹrù kalẹ̀. Ẹ wá wo 2024. Odi wó, ìgbà 52 ni wọ́n gbé e lulẹ̀, bọ́ọ̀lù tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá di 12. Ṣé Stroud gbàgbé bọ́ọ̀lù láàárín oṣù mélòó kan ni? Ẹ̀rí tí ẹ mú wá láti fi dè mí, èmi ló ń gbè lẹ́yìn.

19/
Àwọn mìíràn á ní yunifásítì yàtọ̀ sí NFL. Bẹ́ẹ̀ ni, ó yàtọ̀. Ní yunifásítì, tí ẹni tó gba bọ́ọ̀lù bá fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ láàárín ìlà, ó ti tó. Ní NFL, ẹsẹ̀ méjèèjì ni. Ní yunifásítì, púpọ̀ nínú àwọn tó ń lé ọ kiri ò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí. Ní NFL, ó lé díẹ̀ ní 250 ọmọ tí wọ́n ń mú lọ́dún láti gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó lọ́ra ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Àyè tó ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ọ ní Miami, tí o bá ṣẹ́jú ní Tennessee, ó ti dí.

20/
Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni mo ń wí. Nǹkan tí èèyàn ń kọ́ ni, ẹni tó ń kọ́ nǹkan sì nílò olùkọ́ tí kò ní sá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà. Peyton Manning, ẹni àkọ́kọ́ nínú draft 1998, ju bọ́ọ̀lù 28 sọ́wọ́ ọ̀tá ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ikọ̀ rẹ̀, Colts, borí 3, wọ́n pàdánù 13. Ká ní Twitter ti wà nígbà yẹn, ẹ ò bá ti lé e kúrò nílùú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Colts borí 13, wọ́n pàdánù 3. Wọn ò lé akọ́nimọ̀ọ́gbá láàárín.

21/
Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́. Wọ́n ti wí i tipẹ́.

22/
Ó dáa, ẹ ní kí n má fi gbogbo ẹ̀bi sí ilé. Mo gbọ́. JaMarcus Russell wà. Raiders mú un ní àkọ́kọ́ ní 2007. Nígbà tó fi máa di 2010, wọ́n ti lé e lọ. Ryan Leaf wà. Chargers mú un lẹ́yìn Manning ní 1998, kò sì bá a débì kan. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ni wọn ò múra sí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má kùnà láé.

23/
Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ìwà tó ba ti Russell jẹ́, ìmúrasílẹ̀ tí kò tó, a ò tíì rí i lára Ward. Ọmọ tó ti yunifásítì kékeré rin ìrìn ọdún márùn-ún dé ipò àkọ́kọ́, ọ̀lẹ kọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ tí gbogbo èèyàn rí ni pé ó máa ń di bọ́ọ̀lù mú pẹ́ jù, ó máa ń fẹ́ yọ idán níbi tó yẹ kó jù ú sẹ́yìn ìlà kó sì lọ sinmi. Ó gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kó wà láàárín àwọn tí wọ́n gbé lulẹ̀ jù lọ ní 2025. Àmọ́ Caleb Williams náà láìsàn yẹn. Ẹni tó wò ó sàn la rí un.

24/
Ẹ wá dé ibi tó dùn mí jù. Ẹ rántí Mike Vrabel tí Titans lé? Ọdún méjì tó lò kẹ́yìn ní Tennessee ò dára, mi ò ní parọ́. New England Patriots gbà á ní oṣù kìíní 2025. Ó bá ọmọ kan níbẹ̀, Drake Maye, ẹni kẹta nínú draft 2024, tí Patriots borí eré 4 péré pẹ̀lú rẹ̀ ní sáà àkọ́kọ́. Vrabel kó àwọn olùkọ́ jọ, wọ́n náwó, wọ́n mú odi tuntun. Sáà kejì Maye: Patriots borí 14. Wọ́n dé Super Bowl!

25/
Ta ló nà wọ́n ní Super Bowl yẹn? Seattle Seahawks. Ta ni quarterback wọn? Sam Darnold. Òun náà ni ẹni kẹta, nínú draft 2018. Jets mú un, wọ́n bà á jẹ́, wọ́n tà á. Carolina gbà á, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lọ jókòó ní San Francisco bí ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn. Minnesota gbé e dìde ní 2024, wọ́n borí 14. Seattle fi í gba ife. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n mú un! Ọ̀pọ̀ nínú yín ti fi orúkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ó fi sú yín.

26/
Quarterback méjì tó dúró lójú agbo níbi eré tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà ní 2026, àwọn méjèèjì ni wọ́n ti sọ nígbà kan pé ilé wọn ò dáa, ọ̀kan sì ni wọ́n ti sọ pé kò ní tún dáa mọ́ láé. Ẹ wá fi ojú kan náà tí ẹ fi wò wọ́n wo Ward. Ojú yẹn ò ríran tó.

27/
"Àmọ́ owó tí wọ́n san fún un." Bẹ́ẹ̀ ni, ọdún mẹ́rin, ó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 48. Mi ò bá a sunkún owó. Owó ò kì í dáàbò bo egungun ìhà. Owó ò kì í kọ́ èèyàn ní èdè tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí ni àkókò. Ikọ̀ ń ní sùúrù ọdún méjì tàbí mẹ́ta fún quarterback, lẹ́yìn náà wọ́n á mú ọmọ mìíràn, ẹni ti tẹ́lẹ̀ á di ẹni tó ń gbé àpò kiri láti ìlú dé ìlú. Darnold rí ọ̀nà padà. Carr ò rí i.

28/
Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ward ti ṣubú, ẹ jẹ́ kó wo iwájú. Titans ni àgbà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ló yẹ kó wo ẹ̀yìn: kí ló dé tí gbogbo ẹni tó bá wọ ilé yìí fi ń jáde pẹ̀lú ìtìjú?

29/
Ohun tí mo fẹ́ rí nìyí kí n tó bá yín dájọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun ni Ward máa bá bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀: kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán, èdè kan, ohùn kan. Kí wọ́n fún un ní odi. Kí wọ́n wá ẹni méjì tó mọ bọ́ọ̀lù gbà, tí ọ̀tá á máa bẹ̀rù. Tí wọ́n bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, tó fi di òpin sáà 2027 tí Ward ò tún lè ju bọ́ọ̀lù, ẹ padà wá síbí. Màá fọwọ́ sí i pé ọjà òkùtà ni.

30/
Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn, mo ní iṣẹ́ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń jiyàn, ẹ sọ ọ́ sábẹ́ ibí: ẹ dárúkọ quarterback kan tí wọ́n mú ní ipò mẹ́wàá àkọ́kọ́, tó ní akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà fún ọdún mẹ́ta, tí odi rẹ̀ dúró, tó múra sí iṣẹ́, tó ṣì kùnà pátápátá. Ẹ mú orúkọ àti ọdún wá. Ẹ má mú èébú wá o, ìyẹn ti pọ̀ lọ́jà. Mo ń dúró.